Kóòtù Yín Tó Ti Ń Tú Létí Ọwọ́

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀rù gidi. Inú mọ́tò ni mo wà báyìí níwájú hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Smyrna, ìlú kan lókè òkun níbí. Kóòtù dúdú tí ẹ gbé ti London bọ̀ nígbà tí ẹ kàwé tán ló wà lọ́rùn mi. Ẹ má bínú pé mo kó o mọ́ ẹrù mi wá síbí, mo sì wọ̀ ọ́ láìtọrọ.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi fa wàhálà yìí. Ọ̀gá àgbà tuntun dé sí ọ́fíìsì wa láti ìlú Ọba. Súẹ́tà rẹ̀ ti lu nígùn-únpá, kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti gbó. Àánú ṣe èmi ọmọ yín! Mo rò pé nǹkan ò rọgbọ fún un ni. Mo bá lọ sí mall, mo ra ṣẹ́ẹ̀tì funfun tuntun, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Àṣé ilé ọlá ni wọ́n bí i sí, ó mọ̀ọ́mọ̀ ń wọ àkísà ni! Aunty kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ti gbé London rí ló là mí lójú: lọ́dọ̀ wọn, olówó ìdílé kì í dán. Ẹni tó bá ń dán gbinrin, olówó òjijì ni.

Ọ̀gá ò dúpẹ́, kò sì bínú. Ó kàn pè mí síbi oúnjẹ alẹ́ òní, oníkóòtù dúdú àti bóò táì. Ṣé oúnjẹ náà ni, àbí ibẹ̀ ni wọ́n á ti lé mi? Iṣẹ́ yìí ni ìwé ìgbélùú mi rọ̀ mọ́. Bó bá bọ́, èmi, ìyàwó mi àtàwọn ọmọ nílé wa ní Grayson á kó ẹrù wa nìyẹn.

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, òun ni Màámi fi ń bá kóòtù yìí jà. Ojú máa ń ti èmi náà tí ẹ bá wọ̀ ọ́ lọ sí ìpàdé àwọn ọmọ ilé-ìwé yín àtijọ́. Etí ọwọ́ rẹ̀ á máa tú, bóò táì yín á wọ́ sápá òsì, ẹ̀yin á sì máa súfèé lọ. Ṣé ẹ mọ ohun tí a ò mọ̀ ni, Bàbá? Àbí ẹ kàn fẹ́ràn aṣọ yẹn? Mi ò bi yín rí.

Tí mo bá dán, mo gbé. Tí mo bá wọ gbígbó, ó lè rò pé mo ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ewo ni kí n ṣe?

Háà, òun ló ń wọlé lọ yẹn! Kóòtù tiẹ̀ náà ti ṣá. Ṣẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ funfun báláú, àmọ́ mi ò lè rí i dáadáa láti ibí bóyá èyí tí mo rà ni.

Mo so bóò táì yìí, mo tú u, mo tún un so. Ó ṣì wọ́ sápá òsì. Mo ti fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ bá mi wọlé.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó wọ kóòtù yín.