Má Bẹ̀ Mí Nítorí Ọwọ́ Wúrà

Ojúlé kejìlá,
Òpópónà àwọn oníṣẹ́ ọwọ́,
Lẹ́yìn ilé ìwòsàn.
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti ń gbọ́ ìtọ́jú? Àkọ́bí rẹ tí ẹ kó lọ bá ńkọ́, àti àwọn ọmọ-ọmọ tó ń da ilé rú mọ́ yín lórí? Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, ṣé ò ń rí oorun sùn dáadáa? Ní tèmi, ara le, oúnjẹ ń wọlé, ọwọ́ mi kì í sì í gbọ̀n bí mo bá ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ní ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin! Kí àwọn ọ̀tá mi gbọ́, kí inú máa run wọ́n.

Lẹ́tà rẹ dé ní ọjọ́ Ajé. Ìyàwó mi kà á fún mi lẹ́ẹ̀kan, èmi náà wá fi ìka tọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. O ní kí n ṣàánú Ọwọ́ Wúrà, ọkọ àbígbẹ̀yìn rẹ. O ní kí n dìde ní kóòtù kí n sọ fún adájọ́ pé mo ti dárí jì í. Kí n tó dá ọ lóhùn, jẹ́ kí n rán ọ létí ẹni tí o ń bẹ̀.

Èmi ni ẹni tí bàbá rẹ̀ kú kó tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Èmi ni mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta nítorí pé kò sẹ́ni tó máa ra bàtà fún mi. Mo ru yanrìn, mo ru bíríkì, mo fọ mọ́tò. Ọdún mẹ́fà gbáko ni èmi àti ìwọ fi sùn sábẹ́ tábìlì tí ọ̀gá wa fi ń gé aṣọ, tí eku ń tọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ wa wò, tí a ń fi àgékù awọ bora. Ìṣó wọ àtẹ́lẹwọ́ mi, ó yọ lódìkejì, mo fi ẹ̀mú fà á jáde fúnra mi, mo sì tún parí àga ọjọ́ yẹn. Iná sọ ṣọ́ọ̀bù mi àkọ́kọ́ di eérú. Omi gbé ìkejì lọ pẹ̀lú òòlù mi. Ẹ̀kẹta ni mo wà nínú rẹ̀ yìí láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, àwọn dókítà àti àwọn adájọ́ pàápàá, orí àga tí mo rán ni wọ́n ń gbé ìdí lé. Ta ló tún ṣe irú rẹ̀? Ìwọ náà gbìyànjú, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n àga tìrẹ máa ń rì lápá kan.

Gbogbo ìyẹn ò pa mí. Ọwọ́ Wúrà ló kù díẹ̀ kó pa mí.

Ẹnu àwọn ènìyàn lo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, o ò gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Jókòó, kí n rò ó fún ọ bó ṣe rí.

Èmi ni mo kọ́ ọmọ yẹn níṣẹ́ àga. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ọwọ́ Wúrà. Nígbà tó ní òun rí ọmọbìnrin kan ní ilé rẹ, èmi ni mo ṣíwájú rẹ̀ wọlé wá bá ọ, mo ní, 'Ọ̀rẹ́, ọmọ yìí kò ní jẹ́ kí ojú tì wá.' Àfi bí ilé ìwòsàn tí a wà lẹ́yìn rẹ̀ yìí ṣe fẹ́ tún gbogbo àga wọn rán lọ́dún tó kọjá. Èmi ni wọ́n pè. Wọn ò pè é, òun tó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ nísàlẹ̀ òpópónà, tó ti kọ àkọlé ńlá síwájú rẹ̀. Ó wá bá mi yọ̀. Eyín rẹ̀ funfun báláú. Mi ò mọ̀ pé inú ti dúdú.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, mo ń fa awọ sórí àga gígùn, ìṣó mẹ́rin wà lẹ́nu mi, ni ọlọ́pàá mẹ́ta wọlé. Wọn ò kí ènìyàn. Wọn ò wo ọ̀tún, wọn ò wo òsì, àga pupa kan tó wà ní kọ̀rọ̀ ni wọ́n lọ bá tààrà. Wọ́n dojú rẹ̀ dé, wọ́n fi ọ̀bẹ ya aṣọ dúdú ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n fa ọ̀rá mẹ́ta yọ. Ìyẹ̀fun funfun ló kún inú wọn. Mo rò pé àtíkè ọmọdé ni.

Èyí tó ga jù nínú wọn ní, 'Bàbá, oògùn olóró nìyí. Ta ló ni ín?'

Mo tu ìṣó ẹnu mi dànù. Mo ní mi ò mọ̀.

Ó ní, 'Àbí àwọn ènìyàn kàn máa ń wọ ṣọ́ọ̀bù yín bó bá ṣe wù wọ́n ni?'

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, o mọ̀ mí. Ṣọ́ọ̀bù tèmi ni ọmọ àná fẹ́ sọ di ilé aláìní-ìlẹ̀kùn! Inú bí mi. Mo ní, 'Gbọ́, ìwọ ọmọ yìí. Abẹ́rẹ́ kan ò lè wọ inú ṣọ́ọ̀bù yìí kí n má mọ̀. Kò sí ohun tó wà nínú ikùn àga kankan níbí tí kì í ṣe èmi ni mo fi síbẹ̀.' Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ, mo tilẹ̀ fọwọ́ lu àyà. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, mo fọwọ́ sí i, mo sì fa ìlà gígùn sábẹ́ orúkọ mi kí wọ́n lè mọ̀ pé ọ̀gá ló fọwọ́ sí i.

Lọ́yà mi, ọmọbìnrin tín-ín-rín kan báyìí, gbé orí lé ọwọ́ nígbà tó ka ìwé yẹn tán. Ó ní, 'Bàbá, ta ló rán yín níṣẹ́ ẹnu?' Ó là á yé mi. Ó ní kí wọ́n tó lè dá ènìyàn lẹ́bi oògùn olóró, wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó wà níkàáwọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ò le fún wọn, torí ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n ti bá a. Ìkejì ni ìbá fún wọn ní wàhálà, èmi ni mo wá fi ẹnu ara mi bù ú fún wọn. Ó ní bó bá jẹ́ díẹ̀ ni wọ́n bá, ìtanràn tàbí oṣù mélòó kan ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé èyí sórí òṣùwọ̀n, ó ti kọjá ohun tí ẹnì kan ń rà fún imú ara rẹ̀. Òfin á ní títà ni mo fẹ́ tà á. Ọdún méje ló kéré jù, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló pọ̀ jù, wọ́n sì lè gbẹ́sẹ̀ lé ṣọ́ọ̀bù náà. Gbé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lé ọjọ́ orí mi kí o wò ó. Inú pósí ni wọn ì bá ti gbé mi jáde, aláìmọ̀ọ́ṣe kan ni ì bá sì rán aṣọ inú rẹ̀.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni mo lò ní àhámọ́ kí wọ́n tó gba béèlì mi. Lórí sìmẹ́ǹtì! Èmi tí mo ti fi fóòmù sábẹ́ ìdí gbogbo ìlú. Àwọn ọ̀dọ́ inú ibẹ̀ sọ mí ní Bàbá Oníyẹ̀fun, wọ́n ní kí n bu díẹ̀ fún wọn. Ìyàwó mi ń gbé oúnjẹ wá lójoojúmọ́, kò sunkún lójú mi rí, ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ kejì, mo rí i pé ó ti rù, aṣọ ti ń ṣí lọ́rùn rẹ̀. Àwọn oníbàárà wá kó àga wọn. Tíṣà àgbà kan tí mo ti ń ṣiṣẹ́ fún láti ogún ọdún gbé tirẹ̀ lọ láìtíì ní fóòmù, ó ní òun ò fẹ́ kí orúkọ òun wọ̀ ọ́. Mo gbọ́ pé orí pákó ló ń jókòó sí títí dòní. Kó máa jókòó lọ.

Ta lo rò pé ó kọ́kọ́ wá kí mi ní àhámọ́? Ọwọ́ Wúrà. Ó gbé ọsàn wá, ó ti bó o sílẹ̀. Ó ní, 'Ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀. Iṣẹ́ ilé ìwòsàn yẹn, kó má baà bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n máa bá yín ṣe é lọ.' Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀! Mo súre fún un láti ẹ̀yìn irin! Ìre tí mo sú fún un lọ́jọ́ náà, mo ti ń gbà á padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀, òun náà ló jáde bí ẹlẹ́rìí ìjọba. Ó ní òun máa ń rí àwọn ọkùnrin àjèjì tó ń yọ́ wọlé wá bá mi. Ó ń fi áńkáṣìfù nu ojú tí kò sí omi níbẹ̀. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n gbé àga pupa náà wọlé bí ẹ̀rí, wọ́n dojú rẹ̀ dé sórí tábìlì. Apá kan aṣọ ìsàlẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá ya. Apá kejì ṣì wà bí wọ́n ṣe rán an. Ojú mi bá lọ síbi tí òwú parí sí.

O rántí òfin ọ̀gá wa: ọjọ́ tí ọmọṣẹ́ bá gba òmìnira, ọ̀gá á fún un ní kókó òwú tirẹ̀, tí á máa fi parí iṣẹ́ lábẹ́ àga títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Kò sí oníbàárà tó ń wo abẹ́ àga. Àwa nìkan la fi ń mọ ara wa. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọṣẹ́ mi. Ti Ọwọ́ Wúrà, mo ní kó yí i lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kó kọ ọ́ sí òsì, kó ti orí òwú pamọ́ sábẹ́. Kókó yẹn gan-an ló wà lábẹ́ àga pupa, ó ń wò mí. Olè gidi ì bá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ kó sá lọ. Òun ò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Mo sọ ọ́ sétí lọ́yà mi. Ọmọbìnrin yẹn dìde wẹ́rẹ́, ó rẹ́rìn-ín sí Ọwọ́ Wúrà. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ pé ọwọ́ yín ti dùn ju ti ọ̀gá yín lọ.'

Òmùgọ̀ yẹn tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. Ó ní, 'Àwọn ènìyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀.'

Lọ́yà mi ní, 'Ṣé ẹ lè rán díẹ̀ fún wa, kí a rí bí wọ́n ṣe ń rán abẹ́ àga?'

Agbẹjọ́rò ìjọba fò dìde, ó ní ṣé ilé ìkọ́ṣẹ́ ni ibí ni. Adájọ́ ní kó jókòó, òun náà fẹ́ wò ó. Wọ́n fún Ọwọ́ Wúrà ní aṣọ àti abẹ́rẹ́. Mi ò ní purọ́ fún ọ, ó rán an, ìlà rẹ̀ gún bí ojú okùn. Nígbà tó dé ìparí, ó yí òwú lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó kọ ọ́ sí òsì, ó ti orí rẹ̀ sábẹ́. Lọ́yà mi gba aṣọ náà, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga pupa, ó ní kí adájọ́ sọ̀ kalẹ̀ wá fojú ara rẹ̀ wò ó. Adájọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó wo méjèèjì. Ọwọ́ Wúrà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n yá a ni.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti tú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n bá ọ̀rá mẹ́rin irú rẹ̀ nínú àpótí ìṣó. Wọ́n fagi lé ẹ̀sùn tèmi. Wọ́n ka méjì sí i lẹ́sẹ̀: oògùn olóró tó wà níkàáwọ́ rẹ̀, àti irọ́ tó fi kó bá aláìṣẹ̀. Ó ní òun jẹ̀bi méjèèjì, pé òun ló yọ́ wọlé lóru rán ọ̀rá sínú àga mi, tó sì ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni adájọ́ máa sọ iye ọdún tó máa lò. Lọ́yà ní wọ́n máa kọ́kọ́ bi mí bí mo bá ní ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí mo bá bẹ̀bẹ̀ fún un, ó lè bọ́ sí ọdún méje. Bí mi ò bá bẹ̀bẹ̀, ojú ọ̀nà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún là gbangba.

O kọ ọ́ pé ọmọ ni, pé ọmọ máa ń ṣìṣe. Ọmọ ọdún méjìlélógójì? O kọ ọ́ pé ìlara ló tì í. Ìlara ló tì í, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi rìn wọ ṣọ́ọ̀bù mi. O ní kí n gbàgbé. Ọ̀rẹ́ mi, ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Àbígbẹ̀yìn rẹ, ìyàwó rẹ̀, wá síbí ní ọjọ́ Àìkú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, 'Bàbá mi ló ní kí n wá bẹ̀ yín. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ irú ẹ̀bẹ̀ yìí.' Mo gbé àga fún un. Ó jókòó, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó sunkún díẹ̀, ó sì dìde lọ. Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ẹkún rẹ̀ nìkan ló ń dùn mí nínú gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó tèmi náà, ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló fi dúró níwájú irin àhámọ́ tó ń gbé oúnjẹ fún mi, Ọwọ́ Wúrà ò gbé àga fún un.

Bá mi kí ìyá àwọn ọmọ, kí o sì ka gbogbo lẹ́tà yìí fún wọn, má fò ó. Kí àkọ́bí rẹ, kí àwọn ọmọ-ọmọ. Ìyàwó mi ní kí n kí yín; òun náà ní kí n bẹ̀bẹ̀ fún Ọwọ́ Wúrà, mi ò gbọ́ tirẹ̀ náà.

Ohun tí màá ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nìyí. Ọjọ́ Ajé, màá lọ gẹ irun mi, màá lọ aṣọ mi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, màá wà ní ìlà iwájú ní kóòtù kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Bí adájọ́ bá bi mí, màá dìde, màá ní, 'Olúwa mi, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fẹ́ kí ẹ fún mi. Òun gan-an ni kí ẹ fún un. Ẹ má dín in, ẹ má fi kún un.' Màá máa wo ojú rẹ̀ bí mo bá ń sọ ọ́. Ọjọ́rú, màá wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́, màá wá sí ilé àkọ́bí rẹ kí n sọ ọ́ lójú rẹ fúnra mi, kí o má gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Bí o bá fẹ́ tilẹ̀kùn mọ́ mi, tì í. Màá dúró níta títí ìwọ àti èmi á fi ríra.

Èmi náà ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní ìkejì,

Olóríkunkun,
Ọ̀gá Alága.