Àpáta Bàbá Mi Tó Wà Nísàlẹ̀ Òkun

Araba, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà ní Ákrà? Ọlọ́run tó ń mú ọkọ̀ wa gúnlẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ nílùú onílùú. Ara ìyá rẹ le, ẹnu rẹ̀ sì le ju ara lọ. Ewúrẹ́ rẹ ti bímọ.

Ọkọ̀ funfun tí ọ́fíìsì yín rán wá ya àwòrán ìsàlẹ̀ òkun ti dé. O ṣàlàyé fún mi lọ́jọ́sí pé ṣe ló ń rán ohùn lọ sísàlẹ̀, pé bí ohùn náà bá pẹ́ kó tó padà, ibẹ̀ jìn nìyẹn, bó bá tètè dé, àpáta ló kàn. Ìyẹn yé mi. Èdè tí wọ́n fi ń bá òkun sọ̀rọ̀ ni kò yé mi, nítorí òkun tiwa kò gbọ́ ju Fante lọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ tí a bí ọ tí o fi ń jẹ́ Araba, tí gbogbo àwa apẹja máa ń fi òkun sílẹ̀ kó sinmi, ni wọ́n tún wá pariwo lé e lórí. Mo ní ẹni tí a jí lójú oorun kì í sọ òótọ́.

Síbẹ̀ ẹ̀rù bà mí nítorí àpáta wa tó wà nísàlẹ̀ omi, tí ẹja ń kó jọ sí. Ẹja ibẹ̀ ni mo fi rán ọ níléèwé. Otoo tí a jọ ń wa ọkọ̀ pàápàá kò mọ àmì rẹ̀: bí mo bá wo èbúté láti ojú omi, tí igi àgbọn ẹ̀yìnkùlé wa ti bo òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, orí àpáta ni mo wà yẹn, kí n da àwọ̀n. Mo ní bí àwọn wọ̀nyí bá yà á, àwọn ọkọ̀ ńlá apẹja á wá gbá a mọ́ féú. Mo rò ó títí, mo gbé àáké, mo gé àgbọn náà lulẹ̀. Mo ní ó yá, kí wọ́n máa wá a.

Araba, èmi náà kò rí i mọ́. À ń yí kiri lójú omi bí adìẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Otoo rò pé ojú mi ló ń ṣú. Ìyá rẹ ní mo tilẹ̀kùn mọ́ olè, mo wá ju kọ́kọ́rọ́ sókun. Kò sí ẹja kan lórí ààrò rẹ̀, inú mi sì bàjẹ́ gan-an.

Jọ̀wọ́, rọra bi àwọn tó ya àwòrán yẹn léèrè ibi tí òkun ní àpáta wa wà. Dà á kọ, fi rán awakọ̀ tó ń gbé oúnjẹ kẹ́ńkè wá, kí o fi owó sídì díẹ̀ tì í, epo ọkọ̀ ti tán. Bí o bá ti dà á kọ tán, bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pa á rẹ́.

Ohun tó bá sọ nù lọ́wọ́ rẹ, ọ̀tá kọ́ ni yóò rí i he. Àmín.

Èmi bàbá rẹ,
Ekow Abakah.

Mo gbàgbé: ìyá rẹ ti gbin àgbọn mìíràn sójú ibẹ̀. Ó ní kó tó ga bo òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ rẹ ni yóò máa da àwọ̀n.