Bọ́tìnnì Tí Àbúrò Ọkọ Mi Ní Kí N Máa Tẹ̀

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi lórí afẹ́fẹ́.

Ilé ìkàwé kan náà lèmi àti àbúrò ọkọ mi obìnrin ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ní ká máa kó orúkọ ìwé sórí ayélujára, àwọn ni ọ̀gá ní kí wọ́n kọ́ mi. Wọ́n ní tí mo bá ti kọ ọ́ tán, kí n tẹ bọ́tìnnì pupa. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ niṣẹ́ mi ń pòórá. Ọ̀gá wá ń wò mí bí olódo.

Ọmọbìnrin mi ló yà kí mi níbi iṣẹ́ tó pariwo: “Mọ́mì, èyí tó ń pa nǹkan rẹ́ lẹ̀ ń tẹ̀ yẹn!” Ó fi èyí tó yẹ hàn mí.

Nígbà tí iṣẹ́ mi ò pòórá mọ́, mo rò pé inú àbúrò ọkọ mi á dùn. Wọ́n fajú ro ni. “Ìyàwó wa, ta ló kọ́ ẹ?”

Mo ní mo kàn ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ ni.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé àṣìṣe ni, àbí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀? Ṣé kí n sọ fún ọkọ mi, àbí kí n máa ṣe bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan?

Èmi ni,
Ìyàwó Tí Ara Ń Fu.