Jíìpù Tí Mo Gbé Ga Jù fún Yín

Bàbá mi tòótọ́,

Ọjọ́ kejìlélógójì rèé tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Àná la ṣe àdúà ọjọ́ kọkànlélógójì yín nínú agboolé wa ní Bẹyẹrunka. Àwọn ààfáà ti lọ, a ti dá àwọn àga tí a yá padà, Màmá náà sì rí oorun díẹ̀ sùn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín ni mo jókòó sí, mo ń wo jíìpù láti ojú fèrèsé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ. N kò rí ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún.

Ẹ rántí ọjọ́ tó rì sínú ẹrọ̀fọ̀ lọ́nà abà? Ọkùnrin mẹ́fà ló tì í jáde, ẹ sì wọlé tẹ̀yin ti ẹrẹ̀ dé orúnkún. Inú ń bí mi. Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín ní tiyín. Ẹ ní, "Taya la ó kọ́kọ́ pààrọ̀. Tí òjò ọdún kan bá ti rọ̀ lé e lórí, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ á sọ èyí tó kàn."

Bí ẹ ti ń ṣe nìyẹn. Ẹ kì í tún nǹkan méjì ṣe lára ọkọ̀ pọ̀. Ẹ ó ṣe ẹyọ kan, ẹ ó sì máa wà á lọ sí abà ní Sátidé Sátidé títí òjò yóò fi dáwọ́ dúró. Bí ẹ bá ti dé, ẹ ó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó fọwọ́ pa abẹ́ rẹ̀, ẹ ó wá gbóòórùn ìka yín bí ẹni tó ń yẹ ọbẹ̀ àná wò. Mùfútáù mẹkáníìkì kì í jẹ́ kó lọ lásán.

"Alàájì, ṣé jíìpù lẹ̀ ń tún ṣe ni àbí ẹ̀ ń kọ́lé?"

"Ilé ni, Mùfú. Ìwọ ṣáà máa po amọ̀ bọ̀."

Ìṣirò tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Taya tí eyín rẹ̀ nípọn lọ́dún yìí, sípíríǹgì tó ń gbé ọkọ̀ ga sókè lọ́dún tó ń bọ̀, ṣọ́ọ̀kì tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà bọ́ḿpà onírin, àti ẹ̀rọ olókùn wáyà tí í fa ọkọ̀ jáde nínú ẹrẹ̀. Mo kà á, òjò ọdún márùn-ún ni. Mo wo irun yín tó ti funfun tán. Mo wo bí ẹ ti ń di ògiri mú kí ẹ tó dìde. Ẹ̀rù bà mí pé ẹ ò ní í dúró dé òjò karùn-ún, n kò sì lè la ẹnu sọ ọ́ fún yín.

Nígbà tí ẹ wá lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ àbúrò yín ní Ìṣẹ́yìn, mo gbé jíìpù lọ fún Mùfútáù pé kó ṣe gbogbo rẹ̀ pátá. Ẹ̀ẹ̀mejì ló bi mí, "Àǹtí, ṣé Alàájì mọ̀ sí i?" Mo ní ẹ mọ̀. Irọ́ ni mo pa, Bàbá mi. Ẹ dárí jì mí.

Ọjọ́ tí ẹ dé, gbogbo agboolé ló jáde. Ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà bá yín ní ìbàdí. Ìyá Ràfíù tí yàrá wọn kan tiwa pàtẹ́wọ́: "Háà! Jíìpù Alàájì ti di ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì!" Ẹ yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fọwọ́ kan taya, ẹ wò mí lójú. Ẹ ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Lẹ́yìn náà ẹ gbé ẹsẹ̀. Kò dé ibẹ̀. Ẹ di ilẹ̀kùn mú, ẹ tún gbé e, orúnkún yín sì yẹ̀.

Mo sáré lọ gbé àpótí ìjókòó Màmá wá láti ilé ìdáná kí ẹ lè fi gun ọkọ̀. Ẹ wo àpótí náà, ẹ wo àwọn èèyàn.

"Alàájì, ẹ jẹ́ ká gbé yín wọlé bí ìyàwó!" Ìyá Ràfíù tún ni o.

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin lẹ rẹ́rìn-ín jù. Ẹ ní, "Ó dọ̀la. Ìrìnàjò ti rẹ̀ mí."

Oṣù mẹ́rin lẹ fi sọ ọ́ pé ó dọ̀la, títí ẹ fi fi wá sílẹ̀. Sátidé kan, àlejò ń bọ̀. Sátidé mìíràn, ojú ọjọ́ ò dára. Ṣé orúnkún ló ń dùn yín lóòótọ́ láwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn? Ṣé ẹ bínú sí mi ni? Kí ló dé tí ẹ ò bú mi? Ó yẹ kí n ti mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba báàgì lọ́wọ́ yín lórí àtẹ̀gùn Màpó, ṣé ẹ ó wá jẹ́ kí wọ́n gbé yín bí ẹrù níṣojú ará ilé? Ká ní taya nìkan la pààrọ̀ ni, ẹ̀ bá gun jíìpù yín lọ wo kòkó yín lábà títí tí òjò ìkẹyìn fi rọ̀. Ìbẹ̀rù òjò karùn-ún ló jẹ́ kí n gba òjò kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ yín.

Ọkọ̀ náà gan-an ò gbádùn. Bí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ láti Màpó, ṣe ni síyárìn máa ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Mo bi Mùfútáù léèrè ohun tó fà á. Ó fi àkísà nu ọwọ́ títí. "Àǹtí, nǹkan márùn-ún la ṣe pọ̀. Èwo ni kí n mú níbẹ̀?"

Lánàá, lẹ́yìn àdúà, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kí n gbé e wá, pé láàárín ọjọ́ méjì òun á dá gbogbo rẹ̀ padà bó ṣe wà. Ó kù díẹ̀ kí n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wù mí kí n jí kí n bá a bí ẹni pé n kò ṣe nǹkan kan. Àmọ́ láàárọ̀ yìí mo rí Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń fi ọwọ́ wọ̀n bí ẹnu ilẹ̀kùn ti ga tó. Obì ti gbó lábà, wọ́n sì fẹ́ lọ wò ó.

Mo ti ránṣẹ́ sí Mùfútáù. Sípíríǹgì nìkan ni kó dá padà, kí ọkọ̀ lè rẹlẹ̀ fún Màmá. Èyí tí ẹ lò tẹ́lẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn àtíbàbà rẹ̀, kò tà á. Kó má fọwọ́ kan ìyókù. Bóyá síyárìn á dákẹ́, bóyá kò ní í dákẹ́. N kò tíì mọ bí a ti ń gbọ́ èdè ọkọ̀, ṣùgbọ́n mo ti ṣe tán láti dúró gbọ́ ọ.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ibi tí ẹ wà tù yín lára.

Ní Sátidé, Màmá á gbé ẹsẹ̀ wọn fúnra wọn, wọ́n á jókòó síwájú, a ó sì lọ sí abà. Bí Sátidé mìíràn bá dé, a ó tún lọ. Mi ò ní í jẹ́ kí ọ̀nà yẹn dí, Bàbá mi.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tó kánjú nítorí ìfẹ́ yín