Ṣọ́ọ̀bù Tí Alhájì Ṣí Fún Mi

Bàbá mi àtàtà,

Ọjọ́ Jímọ̀ nìyí. Gbogbo ọkùnrin ṣọ́ọ̀bù ti lọ kírun, èmi nìkan ló jókòó láàárín maṣíìnì ìránṣọ méjìlá. Mo ní kí n fi àyè yìí kọ̀wé sí yín. Ẹ̀yin lẹ fi mí sílé-ìwé nígbà tí àwọn ará agboolé ń bi yín pé kí ni ọmọbìnrin fẹ́ fi ìwé ṣe. Ẹ wo ohun tí mo wá fi ìwé ṣe.

Ṣé ẹ rántí pé ẹ kì í tú maṣíìnì oníbàárà láìkọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a pẹ̀lẹ́ lórí, bí ẹni ń kí ẹṣin? Èmi náà ṣì ń ṣe é. Mi ò mọ ìgbà tí mo ń ṣe é.

Lẹ́yìn tí a sin yín, mo rò pé inú ìsọ̀ yín kékeré ni n ó ti máa tún maṣíìnì àwọn èèyàn ṣe títí n ó fi darúgbó. Bàbá Káríìmù, ọ̀rẹ́ yín tẹ́lọ̀ tó wà ní ojúlé kejì sí wa, ò fi mí sílẹ̀. Òun ló wẹ̀ yín, òun náà ló ń wá wò mí láràárọ̀. Ojú ti ń rẹ̀ ẹ́ nígbà náà. Iṣẹ́ ọnà ọrùn agbádá kan ṣoṣo, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi ń fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ ṣe é, omi á sì máa dà lójú rẹ̀.

Ìyẹn ló mú mi ronú. Ẹsẹ̀ maṣíìnì máa ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ gírígírí, ọ̀kánkán nìkan ni aṣọ lè gbà lọ. Mo mú sípóòkù kẹ̀kẹ́ kan, mo tẹ̀ ẹ́, mo fi sípíríǹgì tíńtín sí i, mo sọ ọ́ di ẹsẹ̀ mìíràn. Tèmi yìí máa ń fò sókè fẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́ bá ti gòkè, tẹ́lọ̀ á lè yí aṣọ síbi tó bá wù ú. Ìgbà mẹ́fà ni mo bà á jẹ́ kó tó gbà. Ọjọ́ tó gbà, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan di iṣẹ́ ọjọ́ kan. Bàbá Káríìmù jáde síta, ó ń kígbe, “Ẹ wá wo ọmọ ọ̀rẹ́ mi o! Ẹ wá wo ohun tí ọmọ yìí fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe!” Mo ṣe irú rẹ̀ fún tẹ́lọ̀ mẹ́rin mìíràn ní àdúgbò. Gbogbo wọn ń rí iṣẹ́ ṣe, èmi náà ń rí maṣíìnì wọn tún ṣe. Ó yẹ kí n ti dúró síbẹ̀.

Ariwo yẹn ló dé etí Alhájì. Mílíìkì àti bísíkíìtì ló ń tà ní páálí páálí ní ọjà Òkè Àrin, owó rẹ̀ ti pọ̀ débi pé ó ń wá ibòmíràn tí yóò fi í sí. Ó wọlé, ó jókòó lórí àga yín.

“Ọkùnrin wo ló ni ṣọ́ọ̀bù yìí?”

Mo ní èmi ni. Ó rẹ́rìn-ín, kò sì rẹ́rìn-ín burúkú.

“Ọmọ mi, mo máa ra maṣíìnì méjìlá. Mo máa gba ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fún ọ lójú títì. Ìwọ lo máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló máa ṣe mánìjà. Àwọn ará báńkì ò ní fẹ́ bá obìnrin sọ̀rọ̀.”

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ò mọ ibi tí wọ́n ń gbà ki òwú bọ abẹ́rẹ́ maṣíìnì.

Ó mú ìwé wá. Ó wà nínú rẹ̀ pé ẹsẹ̀ irin yẹn ti di ti Alhájì, pé mi ò gbọdọ̀ ṣe é fún ẹnikẹ́ni mọ́ ní gbogbo Èkó, àti pé èyí tí mo ti ṣe, kí n gbà á padà. Mo kà á, Bàbá. Ìyẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Mi ò lè sọ pé ojú mi fọ́ sí ìwé. Kì í sì í ṣe ebi ló mú mi. Mo fẹ́ maṣíìnì méjìlá yẹn ni. Mo fẹ́ kí àwọn tó fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ẹ̀kọ́ mi máa gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá. Mo fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin náà ńkọ́, ṣé ẹ̀ bá kọ̀ ọ́?

Mo fi ọwọ́ ara mi tú ẹsẹ̀ irin náà kúrò lára maṣíìnì Bàbá Káríìmù. Ó di fìtílà mú fún mi kí n lè rí nọ́ọ̀tì tó dè é, torí inú ìsọ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn. Nígbà tó yọ, ó ní kí n rọra, kí n má baà gún ara mi lọ́wọ́.

A ṣí ṣọ́ọ̀bù. Alhájì ní ká máa gba ìdajì iye tí àwọn tẹ́lọ̀ àdúgbò ń gbà. Mo sọ fún un pé owó òwú lásán ò ní padà wọlé.

“Jẹ́ kí n pàdánù,” ló sọ. “Àwọn ni kò lágbára láti pàdánù.”

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Kí ọdún tó yí po, àwọn tẹ́lọ̀ mẹ́rin yẹn ti ta maṣíìnì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn wọn ni Bàbá Káríìmù náà ta tirẹ̀. Ìgbà tí kò sí ẹlòmíràn mọ́ tí èèyàn lè gbé agbádá lọ bá, Alhájì ní ká gbé owó iṣẹ́ sókè, ó ga ju ti àwọn tẹ́lọ̀ àtijọ́ lọ. Àwọn oníbàárà ń kùn, wọ́n sì ń san án.

Mo lọ bá a ní Òkè Àrin pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀.

“Máa lọ. Ta ló dè ọ́? Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bá rí ẹsẹ̀ yẹn lára maṣíìnì ẹlòmíràn, lọ́yà mi á wá bá ọ.”

Mo rìn títí dé etí omi ní Èbúté Èrò, mò ń ro ibi tí n ó lọ. Mo ní kí n padà sídìí àtúnṣe, bí ẹ ṣe kọ́ mi. Maṣíìnì ta ni n ó máa tún ṣe? Àwọn tó ní i ti tà á, èmi ni mo sì jẹ́ kí wọ́n tà á. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì.

Bàbá Káríìmù wá wá iṣẹ́ lóṣù tó kọjá. Ọmọ tó ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ ti kó lọ sí Sùúrùlérè pẹ̀lú àwọn tí ìjọba wó ilé wọn. Mánìjà ní ó ti dàgbà jù. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà, ṣùgbọ́n ó ní gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa pè mí ní Mádàámù, torí ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe agboolé. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ọ̀rẹ́ yín dúró níwájú mi, ó ká fìlà mọ́wọ́.

“Ẹ káàárọ̀, Mádàámù. Níbo lẹ fẹ́ kí n jókòó sí?”

Mánìjà wà lẹ́yìn mi. Mo nawọ́ sí maṣíìnì kan.

Nígbà tí a jáde nírọ̀lẹ́, mo sáré bá a lójú títì, mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí lórúkọ.” Ó yára fà mí dìde, ó bojú wẹ̀yìn.

“Ẹ dìde, mà. Ẹ jẹ́ kó mọ́ mi lẹ́nu. Bí mo bá ń pè yín lórúkọ níta, á já bọ́ lẹ́nu mi nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, wọ́n á sì lé mi. Mi ò níbòmíràn.”

Kò bínú, Bàbá. Ká ní ó bínú ni, ì bá sàn fún mi. Ó gbọn eruku kúrò ní orúnkún ìró mi, ó wá dúró sẹ́yìn díẹ̀, ó jẹ́ kí n máa lọ níwájú.

Kí Ọlọ́hun dẹ ilẹ̀ fún yín.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ kì í fi “ẹ” pè.