Ẹ́dítọ̀ Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Yàn

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ó tọ́jọ́ mẹ́ta o. Ẹ má bínú pé ìjà ni mo gbé wá. Ọ̀gá lé mi wálé láti ibiṣẹ́ lọ́jọ́ Àlàmísì, ó ní kí n lọ ronú. Tí mo bá ronú tán, kí n padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí n sọ pé mo ti gbà. Tí mi ò bá gbà, kí n jókòó sílé mi. Ọ̀rọ̀ ẹ́dítọ̀ ló dà bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé tí ẹ bá wà níbí, ẹ máa ní, ṣé torí ìyẹn náà ni? Bẹ́ẹ̀ ni, torí ìyẹn náà ni. Mi ò sì tíì ronú tán, mi ò ní ronú tán láéláé.

Ẹ ṣáà rántí iṣẹ́ mi. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe láílọ́ọ̀nù búrẹ́dì ni, ní Orégùn. Kì í ṣe èmi ni mò ń yí ẹ̀rọ. Èmi ni mò ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà tó ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, pé kó ka láílọ́ọ̀nù tó bá jáde, kó tẹ orúkọ oníbúrẹ́dì sí i lára, kó figbe ta tí ara ẹ̀rọ bá ń gbóná. Àṣẹ kéékèèké ni. Nígbà míì, ìlà kan péré ni mo máa tún ṣe. Mo máa sáré wọlé, mo tún un ṣe, mo jáde. Ẹ́dítọ̀ sì ni ibi tí à ń kọ ọ́ sí lójú kọ̀ǹpútà. Mo ti ṣàlàyé ẹ̀ fún yín rí, ẹ ní bíi wàláà tí ẹ fi ké kéú l'Ógbómọ̀ṣọ́ ni. Ẹ ò jìnnà sí òótọ́.

Kì í ṣe pé mi ò dán àwọn tó kù wò. Mo dán wọn wò dáadáa. Èyí tí gbogbo ayé ń pariwo, tó láwọ̀ bí aṣọ ọdún, ó dára, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ńlá tó ní fáìlì rẹpẹtẹ ni, èmi náà á lò ó. Ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù àlòkù tí a jọ lọ rà ní Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì ò lè gbé e. Tí mo bá ti ṣí i báyìí, fáànù inú ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, bátìrì á ti lọ sílẹ̀ kí n tó kọ ohunkóhun. Òmíràn wà tó máa ń bá mi parí ọ̀rọ̀ kí n tó sọ ọ́ tán. Ẹ sì mọ̀ pé mi ò fẹ́ràn kí wọ́n máa já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Mo kọ ìlà kan, ó ti to òmíràn tì í, èyí tí mi ò ní lọ́kàn rárá. Mo yọ ọ́ dànù.

Èyí tí mo wá yàn ò lẹ́wà. Ojú ẹ̀ dúdú, lẹ́tà ẹ̀ funfun, kò láwòrán, kò fẹ́ máòsì. Àwọn ọmọ ọ́fíìsì wa ní ti ayé Nóà ni. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí i, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jáde nínú ẹ̀, ńṣe ni mo kúkú pa láptọ́ọ̀pù, ẹ̀yin sì fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó mí, ó ti ṣí. Kọ̀ǹpútà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń gé láílọ́ọ̀nù, èyí tí kò ní íńtánẹ́ẹ̀tì, ó wà nínú òun náà. Tí mo bá wà nílé l'Ágége, tí nẹ́tíwọ̀kì ń ṣe bí aláìsàn, mo ṣì lè ti ibẹ̀ tún nǹkan ṣe lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ní Orégùn. Ìka mi ti mọ̀ ọ́n. Mi ò ní máa wo ọwọ́ mi mọ́ kí n tó mọ ibi tó ń lọ.

Ẹ sì mọ ìdí tó ga jù, ẹ má díbọ́n. Ẹ̀yin ni. Nígbà tí etí yín di pátápátá, tó jẹ́ pé a óò pariwo tí gbogbo ilé á gbọ́ àfi ẹ̀yin, ojú ẹ́dítọ̀ yìí ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Mo máa sọ lẹ́tà di ràgàjì, mo máa tẹ ọ̀rọ̀ mi, ẹ máa ti jígí sórí imú, ẹ máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ, ẹ máa ṣe "ẹ̀hẹ́n" tí ìlà bá parí. Ẹnu lẹ máa fi ń dáhùn, ohùn yín á sì lọ sókè débi pé Alhájì onílé tó ń gbé lókè ló kọ́kọ́ máa ń mọ̀ tí inú bá ń run yín. Ẹ ò sì ní sùúrù. Kí èyí aláwọ̀ mèremère yẹn tó ṣí, ẹ ti dìde, ẹ ti lọ ṣe àlùwàlá, ẹ ti gbàgbé ohun tí ẹ fẹ́ bi mí. Ìyẹn ni mo ṣe wá èyí tó yá. Inú ẹ̀ náà ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí.

Ọ̀gá Kúnlé, máníjà wa tuntun, kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ó ń kí èèyàn, ó ra fáànù sí ọ́fíìsì wa. Ṣùgbọ́n ó mú ẹ́dítọ̀ kan wá tó jẹ́ pé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló wà, ó ní òun nìkan ni kí gbogbo wa máa lò. Tí ìka rẹ bá ń tẹ bọ́tìnì, àmì kékeré kan á máa tàn bí ewé tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ. Tí o bá dáwọ́ dúró, á pọ́n. Ọ̀gá á jókòó sí yàrá tiẹ̀, á máa wo orúkọ ẹni tó pọ́n. Tó bá di àárọ̀ Mọ́ńdè, á gbé e sára ògiri kí gbogbo wa lè rí ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ń sinmi.

Bàbá mi, ẹ gbà mí, ìgbà wo ni èèyàn ń ronú? Ṣé ìgbà tó ń gbá bọ́tìnì ni? Èmi, tí ọ̀rọ̀ bá ti lọ́ pọ̀, mo máa dìde, mo máa lọ dúró ti ẹ̀rọ, mo máa wò ó bó ṣe ń gé, ibẹ̀ lòye á ti yé mi. Ni orúkọ mi bá pọ́n bí ata rodo lára ògiri. Mo parí iṣẹ́ mi o, ẹnikẹ́ni ò sọ pé mi ò parí ẹ̀. Wọ́n kàn fẹ́ kí ọwọ́ mi máa mì ni.

Ṣọlá tó jókòó tì mí ti dọ́gbọ́n sí tiẹ̀. Ó gbé páwà báǹkì lé bọ́tìnì gígùn ìsàlẹ̀ kíbọ́ọ̀dù, àmì ẹ̀ ń tàn yọ̀ọ̀, òun ń jẹ àkàrà lẹ́nu géètì. "Ìwọ náà gbé nǹkan lé e jàre," ló wí fún mi, "kí ló kàn ẹ́ níbẹ̀?" Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó kọjá, ọ̀gá ní kí a pàtẹ́wọ́ fún Ṣọlá, pé òṣìṣẹ́ gidi ni. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ṣùgbọ́n èmi ò ṣe irú ẹ̀. Ohun tí mi ò bá ní ṣe, mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ gbangba pé mi ò ṣe é.

Mo pa ẹ́dítọ̀ wọn tì, mo padà sí tèmi. Bí ọ̀gá ṣe pè mí síwájú gbogbo èèyàn lọ́jọ́ Àlàmísì nìyẹn.

"Ṣé ìwọ fẹ́ ju àwọn tó kù lọ ni?"

"Rárá, sà. Iṣẹ́ tí ẹ gbé fún mi, ṣé ẹ rí èyí tí mi ò ṣe?"

"Kì í ṣe ohun tí mo bi ẹ́ nìyẹn."

"Ohun tí mo rí fi dáhùn nìyẹn, sà. Mi ò ní lò ó."

Ọ̀gá nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní kí n máa lọ sílé.

Ó dáa, ibi tí ìjà èmi àtẹ̀yin wà rèé. Ẹ̀yin lẹ fẹnu ara yín sọ ọ́ fún mi pé ní ilé iṣẹ́ aṣọ n'Íkẹjà, ariwo ẹ̀rọ ìhunṣọ pọ̀ débi pé ẹ̀ ń fi òwú di etí. Súpáfáísọ̀ ní kí ẹ yọ ọ́, pé tí òun bá pè yín, ẹ kì í gbọ́. Òwú ń fò káàkiri inú ilé iṣẹ́, ó ń wọ yín nímú, wọ́n wá ní kò gbọdọ̀ wọ etí. Ẹ sì yọ ọ́! Ẹ yọ ọ́, ẹ dúró síbẹ̀ títí ariwo fi jẹ etí yín tán. Láti ìgbà tí mo ti wà ní girama ni ẹ ò ti gbọ́ ohùn mi mọ́. Súpáfáísọ̀ yẹn ò sì yọjú nígbà tí ẹ kú. Kí ló dé tí ẹ ò sọ pé rárá, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Kí lẹ̀ ń bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀? Inú ń bí mi sí yín, mi ò lè fi pa mọ́.

Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ pé ẹni tó ń wá oúnjẹ kì í gbéra ga. Mo ti gbọ́. Mi ò gbéra ga. Ọwọ́ mi ni mo ní tí mo fi ń jẹun, èmi ni màá sì yan ohun tí màá fi í dì mú.

Màámi náà ti gbé tiwọn dé. Wọ́n ti lọ bá Alhájì onílé. Wọ́n ní lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àwọn méjèèjì á tẹ̀ lé mi lọ sí Orégùn, Màámi á kúnlẹ̀, Alhájì á bá ọ̀gá sọ ọ́ pé ọmọdé ló ń ṣe mí. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń kọ ọ́ sí mi létí pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kí Màámi kúnlẹ̀ fún ọmọ tí wọ́n lè bí lọ́mọ? Torí pé mi ò fẹ́ kí wọ́n máa ṣọ́ ọwọ́ mi? Ó tì o. Ẹ dúró ná, mò ń lọ bá wọn nínú ilé.

Mo ti dé. Bàbá, mo ti dé.

Ẹ̀wà ni Màámi ń ṣà. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má bá mi bẹ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má sì tẹ̀ lé mi, pé mi ò fẹ́ dà bíi Bàbá tó yọ òwú létí torí pé kò lè sọ pé rárá. Wọ́n gbójú sókè.

"Ta ló sọ fún ẹ pé bàbá ẹ ò kọ̀?"

Mo lọ jókòó tì wọ́n.

"Wọ́n kọ̀," Màámi ní. "Súpáfáísọ̀ lé wọn wálé bíi tìẹ yìí. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta, wọ́n ní àwọn ò lọ, kí wọ́n fi òwú náà sin àwọn. Èmi ni mo lọ. Mo gbé ìwọ pọ̀n, mo mú Lèmọ́mù àdúgbò dání, mo lọ kúnlẹ̀ fún ọkùnrin yẹn. Mo dé, mo ní mo ti bá wọn bẹ̀bẹ̀. Bàbá ẹ wò mí. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n lọ síbi iṣẹ́." Wọ́n ju òkúta ẹ̀wà kan sílẹ̀. "Èmi ni mo yọ òwú létí bàbá ẹ."

Wọn ò sunkún. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ. Èmi ni mo sunkún.

Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Gbogbo ọdún tí a fi jọ ń sọ̀rọ̀, tí mò ń tẹ̀ ẹ́, tí ẹ̀ ń kà á, ẹ jẹ́ kí n máa rò pé ojo ni yín. Ṣé kí n má baà bínú sí Màámi ni? Ṣé ẹ̀yin bínú sí wọn? Ìgbà wo lẹ dárí jì wọ́n? Èmi ò lè bínú sí wọn, Bàbá. Oúnjẹ ni wọ́n lọ tọrọ, ẹ̀yìn wọn sì ni èmi tí mo fẹ́ jẹ ẹ́ wà. Ṣùgbọ́n mo ṣì kọ̀. Ní báyìí gan-an ni mo wá kọ̀ dénú.

Òní ni Mọ́ńdè, ọ̀sán ti pọ́n. Mo ti Orégùn dé, kí n yáa sọ fún yín bó ṣe lọ.

Ní àárọ̀, Màámi ti múra sílẹ̀ kí n tó wẹ̀ tán. Wọ́n ní Alhájì ò bá wa lọ mọ́. Mi ò bi wọ́n léèrè, mò ń wo orúnkún wọn títí a fi dé géètì. Ọ̀gá Kúnlé rí wa, ó dìde, ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó fa àga. Ó ti mọ bí irú ẹ̀ ṣe máa ń lọ, ó ń retí ẹ̀bẹ̀. Màámi ò jókòó, wọn ò sì kúnlẹ̀.

"Ọmọ mi ní òun ò ṣe," ni wọ́n wí. "Mo wá bá a kó ẹrù ẹ̀ ni."

"Ẹ̀ẹ́n? Mà, kò tíì débẹ̀ yẹn o. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ná."

"Ẹ ṣeun. Níbo ló ń jókòó?"

Ṣọlá ló nawọ́ sí tábìlì mi, kò lè wò mí lójú. Màámi kó ife mi, sálúbàtà mi, súwẹ́tà mi àti gbogbo wáyà mi sínú páálí kan, wọ́n ṣu òṣùká, wọ́n gbé e rù. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Iṣẹ́ ò sí nígboro, mi ò sì mọ ibi tí òmíràn á ti wá. A gba ààrin àwọn ẹ̀rọ kọjá, gbogbo wọn ń pariwo, àwọn òṣìṣẹ́ ń wò wá. Ní ìta géètì, mo nawọ́ pé kí wọ́n gbé páálí náà fún mi. Wọ́n gbá ọwọ́ mi dànù.

"Fi sílẹ̀," ni wọ́n wí. "Ti bàbá ẹ, mi ò bá wọn rù ú."

Kí Ọlọ́hun fi àlùjáńnà kẹ́ yín, Bàbá mi.

Ọmọ yín ni,
alágídí bíi tiyín.