Ìbejì Dé, Ẹ̀fọn Náà Dé

Àsàlámù àlékùn, Màámi. Èmi Àmírà ni, láti Ítálì. Inú mi ń dùn ṣìnkìn. Mo ti bímọ. Ìbejì ni, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Ẹnu ya nọ́ọ̀sì, mo ní kó wá wo Igbó-Ọrà.

Ibà ló ṣáájú. Dókítà bi mí pé, "Ìgbà wo lo dé láti Áfíríkà?" Mo ní, "Láti ìgbà tí mo ti wá, mi ò tíì padà sílé." Ó ní ẹ̀fọn tibí ló jẹ mí nìyẹn, àrùn inú rẹ̀ ti dé àdúgbò wa. Àwọn òyìnbó wá ń wá nẹ́ẹ̀tì kiri. Màmá arúgbó tó múlé tì wá ní kí n kọ́ òun bí a ṣe ń so ó. Mo jókòó, mò ń júwe, wọ́n ń so ó.

Ẹ má dààmú, ara mi ti ń yá. Ibà ẹ̀fọn yẹn ló kàn jẹ́ kí oríkèé ìka mi ṣì máa le díẹ̀, ìyẹn ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù dípò kí n kọ̀wé. Tàófíìk ọkọ mi ló ń gbé àwọn ọmọ sún mọ́ ọmú fún mi. Ó ní obìnrin ló wúwo jù. Èmi náà á gbé wọn wò láìpẹ́, lágbára Ọlọ́hun.

Ẹ kí Bàbá. Ẹ gbé fóònù sí wọn létí. Táyé ló ń ké yẹn.